Ohun Tí Gìtá Nùrúdíìnì Sọ

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún 1969, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ King Crimson gbé àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde. Ọjọ́ náà wà lákọsílẹ̀, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń jà lé lórí ni iye ọmọ tí àwo náà bí, ìyẹn àwọn olórin tó ti ara rẹ̀ kọ́ṣẹ́. Ní Ẹ̀jìgbò, ìjà yìí ti dé orí ọ̀rọ̀ ìyàwó.

Nùrúdíìnì ni ọkọ ìyàwó tí à ń wí. Ọmọ Isundunrin ni, ó ń tún fóònù ṣe ní ìsọ̀ kékeré kan lójú ọ̀nà Ìwó. Nígbà tí kò bá sí fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, gìtá ni. Bàbá rẹ̀, tó ń gbin ẹ̀gẹ́, kì í yéé sọ pé ọmọ òun ríṣẹ́ rí owó, ó wá fi owó ra igi olókùn mẹ́fà. Ummuhani, tó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan láàárín ìlú, ló fẹ́ fi ṣaya. Àwọn méjèèjì ti gbà fún ara wọn. Bàbá ọmọ ló kù.

Bàbá ọmọ ni Àlàájì Àdìsá. Ó lo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ní Àbíjàn, ní ilẹ̀ Kódìfuà, ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ọjà Àjàmé. Ní ọdún 2011, nígbà tí ìjà ìdìbò dá ìlú náà rú, ìsọ̀ rẹ̀ jóná kanlẹ̀. Ó kó ìyàwó àtọmọ, ó gbé páálí àwo orin kan tí Faransé oníbàárà rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ, ó sì wá sílé. Ní Ẹ̀jìgbò, ẹni tó bá ti Kódìfuà dé, ilé ni wọ́n ń retí pé kó kọ́. Àlàájì kò kọ́lé. Inú ilé bàbá rẹ̀ ló padà sí. Kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè lójú, ṣùgbọ́n tó bá kọjá, ojú á tẹ̀ lé e.

Irú rọ́ọ̀kì tí àwọn òyìnbó ń pè ní progressive ló kún inú páálí náà. Orin kan ṣoṣo lè gba odindi ojú àwo kan. Ìlù rẹ̀ kì í rìn ní mẹ́rin-mẹ́rin bí èyí tí ẹsẹ̀ mọ̀, ó lè fi márùn-ún tàbí méje tiro lọ. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo Àlàájì ló bàjẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Nùrúdíìnì. Ó tún un ṣe, ó jókòó gbọ́ ojú kan, ó gbọ́ ìkejì, wọn kò sì rí i lé lọ mọ́. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, ọ̀dọ̀ Àlàájì ló ń lọ. Ibẹ̀ ló ti rí Ummuhani. Ibẹ̀ náà ló ti rí ìjà.

"King Crimson ni bàbá gbogbo wọn," Àlàájì á ní. "Àwọn ẹgbẹ́ Tool ti Amẹ́ríkà fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ pé ibẹ̀ làwọn ti mumi. Wọ́n tiẹ̀ jọ ṣeré káàkiri pa pọ̀ ní 2001."

"Àlàájì, ẹ má bínú. Èèyàn mélòó ló mọ King Crimson? Ẹgbẹ́ Pink Floyd ni gbogbo ayé mọ̀."

"Ọmọ ni mo ń kà, oníbàárà lò ń kà! Ẹni tó ra àwo kì í ṣọmọ. Ẹni tó gbọ́ àwo tó lọ gbé gìtá lọmọ."

"Tó bá jẹ́ tọmọ, ẹ jẹ́ ká pe ẹgbẹ́ Yes, ká pe ẹgbẹ́ Rush. Àwọn Dream Theater tó dé lẹ́yìn wọn kò sẹ́ àwọn méjèèjì rí ní bàbá. Marillion ńkọ́? Wọ́n jọ ẹgbẹ́ Genesis bí ọmọ ṣe ń jọ bàbá."

"Nọ́ọ̀n!" Àlàájì á fi Faransé pa á lẹ́nu mọ́. "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ọmọ yìí. Lọ ka ìlù wọn dáadáa kó o tó wá bá mi sọ̀rọ̀."

Ta ló jàre? Kò rọrùn láti mọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu olórin nípa ẹni tó kọ́ ọ kì í ṣe ẹ̀rí tó dúró. Àwọn oníròyìn ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹgbẹ́ Radiohead wé Pink Floyd, àwọn Radiohead kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Àwọn mìíràn ń pe orúkọ bàbá ńlá kí tiwọn lè ga. Nùrúdíìnì kò yàtọ̀. Nígbà tó dá orin tirẹ̀ sílẹ̀ lóṣù Kejìlá tó kọjá, ó kọ ọ́ sórí Wátsáàpù fún gbogbo ayé pé: "Èmi ni mo ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi."

Orin náà kò lọ́rọ̀ nínú. Gìtá lásán ni, ìró márùn-ún lọ, ìró márùn-ún bọ̀. Ó kọ́kọ́ ta á ní gbangba níbi ìpàdé ọdọọdún àwọn tó ti Kódìfuà dé, nínú gbọ̀ngàn kan tí èrò kún fọ́fọ́. Iwájú ni Àlàájì Àdìsá jókòó sí. Òun ló bẹ àwọn olóyè ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fún ọmọ náà láyè.

Ìgbà àkọ́kọ́, gbọ̀ngàn dákẹ́. Ìgbà kejì, àwọn kan mi orí. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá kì í jẹ́ kí ohùn kọjá lásán. Bó bá ti lọ sókè, tó lọ sísàlẹ̀, tó dúró láàárín, ọ̀rọ̀ ti jáde. Ní ìgbà kẹta, obìnrin kan láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn fi ọ̀rọ̀ gbè é:

"Ó lọ Àbíjàn, ó bọ̀ lófìfo!"

Ìró márùn-ún lọ, ìró márùn-ún bọ̀. Ó bá gìtá mu bí ìdérí bá ìkòkò. Àwọn kan ní obìnrin ará ìlú Ara kan ni, àwọn kan ní ìyá oníbúrẹ́dì kan ni. Kò sí ẹni tó gbà pé òun ni. Nígbà tí orin fi tún bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló ń dá a, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà lára Àlàájì. Nùrúdíìnì di ojú rẹ̀, ó ń ta gìtá lọ. Nígbà tó lajú, àga kan ti ṣófo níwájú.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, àwọn ọlọ́kadà tó ń ná ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn ti ń fi súfèé pe èrò pẹ̀lú rẹ̀. Ummuhani pe Nùrúdíìnì lórí fóònù.

"Nùrú, kí lo ta lánàá?"

"Orin ni."

"Orin wo? Àwọn tó wá ra oògùn pàrá lọ́wọ́ mi ń kùn ún sí mi létí!"

"Èmi kọ́ ni mo fọ̀rọ̀ sí i, Ummu. Àwọn ni."

"Bàbá ní kó o wá lọ́jọ́ Àìkú. Kó o gbé gìtá náà dání. Wọ́n ní káwọn èèyàn yín má tíì wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ mọ ẹni tí àwọn ń fọmọ fún."

Lọ́jọ́ Àìkú, Nùrúdíìnì dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀ Àlàájì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kó dìde. Àlàájì jókòó sórí àga, ó yíjú sí fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àlàájà Rùkáyátù, wà lórí ẹní pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ummuhani dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, kò jáde.

"Ọmọ Isundunrin," Àlàájà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, "gìtá lẹ fi ń bú àna lọ́dọ̀ yín? Ẹnu làwa ń lò níbí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àlàájà. Orin yẹn ò lọ́rọ̀ nínú."

"Áà. Etí gbogbo Ẹ̀jìgbò ló wá bàjẹ́, àfi tìẹ."

"Ẹ jẹ́ n bi í," Àlàájì ní. Kò tíì wo ojú rẹ̀. "Nùrúdíìnì, ọ̀dọ̀ ta lo ti kọ́ orin yẹn?"

Ìbéèrè tí wọ́n ti fi ṣeré láti ọjọ́ yìí náà ni, ṣùgbọ́n eré ti kúrò níbẹ̀. Nùrúdíìnì rò ó: tó bá ní òun ni òun dá a, òun náà ló ni èébú. Tó bá ní ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni, èébú á gba ìlú òyìnbó lọ, òun á sì di onírọ́ lójú àwọn tó ka ohun tó kọ sórí Wátsáàpù. Ó yan irọ́ tó rò pé ó máa dùn mọ́ àgbà nínú.

"Ọ̀dọ̀ King Crimson ni, sà."

Àlàájì wá yíjú sí i.

"King Crimson."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àwọn gan-an ni bàbá. Mo ti wá gbà."

"Láti ìgbà tí mo ti ń bá ẹ fà á, Pink Floyd, Pink Floyd. Òní tí ọ̀ràn dé lo wá mọ bàbá?"

Àlàájà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín kọ́ ni, ó jọ ọ́ ṣá.

"Ìlù márùn-ún yẹn, sà, ara wọn ni mo ti..."

"Ìlù, mo gbà. Ohùn ni mo ń bi ẹ́. Páálí àwo nìyẹn. Mú èyí tí ohùn yẹn wà nínú rẹ̀ wá ká jọ gbọ́."

Nùrúdíìnì wo páálí, kò mú àwo kankan. Ó ti gbọ́ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ tán, Àlàájì náà sì mọ̀.

"Ó dáa. Dìde. Ta á fún wa."

Ó jókòó sórí àpótí kan, ó gbé gìtá lé itan. Ó ta márùn-ún àkọ́kọ́ bó ṣe wà. Nígbà tó dé márùn-ún kejì, ó fi ọgbọ́n yí ìró mẹ́ta ìgbẹ̀yìn: èyí tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀, ó gbé e sókè. Ó tún un ta bẹ́ẹ̀.

"Ẹ gbọ́!" Àlàájà pariwo. "Ó ti di 'ó bọ̀ pẹ̀lọ́lá'! Olówó ti dé látòkè òkun o!"

Àlàájì gbé ọwọ́ sókè. Gìtá dákẹ́.

"Nùrúdíìnì. O ní kò lọ́rọ̀ nínú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tí kò bá lọ́rọ̀ nínú, kí lo wá ń yí?"

Súfèé ọlọ́kadà kan ń kọjá lọ níta, orin náà ló sì ń fọn. Wọ́n gbọ́ ọ wọ inú ilé, wọ́n gbọ́ ọ títí ó fi jìnnà. Nùrúdíìnì gbé gìtá sílẹ̀.

"Mo gbọ́ ọ, sà," ó ní. "Ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, ní ìsọ̀, ni mo gbọ́ ohun tó ń sọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bú yín, wáláì. Ó kàn jáde bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbìyànjú láti yí i. Gbogbo bí mo ṣe yí i, kò dùn. Mo wá ní bóyá kò ní sí ẹni tó máa gbọ́ ọ."

"Ní Ẹ̀jìgbò?" Àlàájà béèrè.

Àlàájì nawọ́ sí gìtá náà. "Ta á bó o ṣe dá a," ó ní.

Ó ta á. Ìka Àlàájì bẹ̀rẹ̀ sí í ka márùn-ún lórí eékún, bí ẹni pé ọwọ́ náà kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ mọ́. Ó jẹ́ kí orin náà lọ títí dé òpin. Kò rẹ́rìn-ín, kò bojú jẹ́.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Bó o bá yí i, ó bàjẹ́. Ọ̀dọ̀ King Crimson kọ́, ọ̀dọ̀ Pink Floyd kọ́. Tìẹ ni." Ó mí kanlẹ̀. "Mo sì lọ Àbíjàn, mo bọ̀ lófìfo. Ojú ni wọ́n ti fi ń sọ ọ́ fún mi látọjọ́ yìí. Ohùn tó sọ ọ́ yìí ṣáà dùn. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ káwọn èèyàn rẹ̀ máa bọ̀."

"Àdìsá! Orí ẹ ti dàrú? Nítorí gìtá?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, Àlàájà. Mo ti gbà."

Nùrúdíìnì ti dọ̀bálẹ̀ padà, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ń dúpẹ́ léraléra. Kò rí i pé Ummuhani ti wọlé. Ohùn rẹ̀ ló gbọ́, lókè orí rẹ̀, kò le, kò sì rọ̀.

"Bàbá dárí jì ẹ́ torí pé orin dùn. Èmi ò mọ̀ nípa orin. O mọ ohun tó ń sọ, o sì ta á níwájú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ tó o bá rí orin tó máa bú mi, tó wá dùn ju báyìí lọ, ṣé wàá yí i?"