Abẹ̀bẹ̀ Ọ̀tún àti Abẹ̀bẹ̀ Òsì

Bàbá Télọ̀ kì í fi nǹkan ṣòfò. Kò sí àjákù aṣọ tí kì í rí ibi rán an mọ́, ìwà yìí náà ló sì kó o sí wàhálà. Lọ́jọ́ tí aṣọ tó fi ń rán àpò tán ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gòkè lọ sí pálọ̀, ó gé ìsàlẹ̀ kọ́tìnì ìyàwó rẹ̀, ó sì fi rán àpò ṣòkòtò fún oníbàárà kan tó ń kánjú.

Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ ti yan án lódì. Bí Bàbá Télọ̀ bá kí i, á di ògiri, á máa wo fèrèsé, níbi tí kọ́tìnì ti fò sókè bíi ṣòkòtò ọmọ tó ti ga jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ Bàbá Télọ̀ lọ́kàn. Ó wù ú kí ìyàwó rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ èébú. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ ẹnu kò ṣiṣẹ́, ó gbé hẹlikọ́pítà kékeré onírìmóòtù tí ọmọ wọn fi sílẹ̀ jáde. Ó so súìtì àti bébà kan mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kọ "Jọ̀ọ́, má bínú" sí i, ó sì rán an lọ sójú fèrèsé òkè. Ìyàwó rẹ̀ mú súìtì, ó dá bébà padà. Nígbà tó tún rán an lọ, irin fèrèsé gbá abẹ̀bẹ̀ méjèèjì tó ń yí lórí rẹ̀, wọ́n sì kán.

Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àǹtí tó ń ta ohun ìṣeré.

"Bàbá, abẹ̀bẹ̀ dúdú yìí le bí irin. Kì í kán."

"Bó bá gbá fèrèsé ńkọ́?"

"Fèrèsé ló máa kán, sà."

"Ìyàwó mi ló wà lẹ́yìn fèrèsé yẹn. Gbé e kúrò. Èwo ni àwa tí owó wa kò pọ̀ ń rà?"

Àǹtí náà rẹ́rìn-ín, ó mú abẹ̀bẹ̀ oníke jáde, méjì nínú ọ̀rá kan. Bàbá Télọ̀ gbé ọ̀kan lé èkejì, bó ṣe máa ń ṣe aṣọ tó bá gé. Ibì kan náà ni méjèèjì dagun sí. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọmọ mi, ọ̀tún méjì lo kó fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń wà, sà."

"Látìgbà tí mo ti ń ránṣọ, mi ò tíì rí ẹni tó wọ ẹ̀wù alápá ọ̀tún méjì. Kí ló wà nínú ọ̀rá kejì yẹn?"

"Ti hẹlikọ́pítà tó ń yí sí òdìkejì ni. Wọn kì í pa wọ́n pọ̀, Bàbá."

"Èmi máa pa wọ́n pọ̀."

Ó ra ọ̀rá méjèèjì, ó sì mú ẹyọ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, tó dè wọ́n mọ́ ọn, tó sì tẹ rìmóòtù, abẹ̀bẹ̀ kan ń fa hẹlikọ́pítà sókè, èkejì ń tì í mọ́lẹ̀. Kò mọ èyí tí yóò gbọ́. Ó gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, ó fi òwú pupa wé ara rẹ̀, ó lé obìnrin kan tó wá wọn ìbàdí jáde, ó sì kó sínú ẹ̀wù kan tó wà lórí ìkọ́. Bàbá Télọ̀ ń sáré tẹ̀ lé e.

"Rọra, jọ̀ọ́. Ẹ̀wù ìgbéyàwó lo wọ̀ yẹn."

Ariwo náà mú ìyàwó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó gba rìmóòtù, ó pa á, ó wo abẹ̀bẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ fi ọ̀tún àti òsì síbẹ̀?"

Inú Bàbá Télọ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rántí ìbéèrè náà mọ́. "O bá mi sọ̀rọ̀."

"Mi ò bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ̀bẹ̀ ni mò ń sọ. Ẹ wo fáànù tó wà lókè orí yín. Èwo ni òsì níbẹ̀?"

Bàbá Télọ̀ wòkè títí ọrùn fi ń dùn ún. Ibì kan náà ni gbogbo abẹ̀bẹ̀ fáànù náà dagun sí. Kò rí òsì.

"Nǹkan tó ń yí kì í ṣe ẹ̀wù," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ máa ti atẹ́gùn sílẹ̀."

"Ní ti kọ́tìnì yẹn..."

Obìnrin náà ti gòkè lọ.

Bàbá Télọ̀ yọ abẹ̀bẹ̀ òsì, ó fi ọ̀tún kejì sí i. Hẹlikọ́pítà ti lè fò báyìí, àmọ́ kò gbé e fò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Ìyàwó mi, ṣé inú abẹ̀bẹ̀ yìí ló máa kọjú sókè ni àbí ẹ̀yìn?"

"Ẹ̀yìn."

"Ṣé rọ́bà yìí le tó?"

"Ike ni. Ẹ má pè é ní rọ́bà."

Lọ́sàn-án, ó bèèrè nípa nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́ra. Nírọ̀lẹ́, ó bèèrè èyí tó wúwo jù nínú abẹ̀bẹ̀ méjèèjì. Bó ṣe ń bèèrè lójoojúmọ́ nìyẹn, títí wíwá dáhùn lórí àtẹ̀gùn fi sú obìnrin náà. Ó gbé àga wá sínú ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó.

"Ẹ bèèrè gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí n sinmi."

Bàbá Télọ̀ yí abẹ̀bẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ó ní ìbéèrè òun pọ̀ gan-an, kò lè tán lónìí.