Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tí Mo Fi Júwe Ọ̀nà

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n èmi náà wà lára àwọn tó wó rọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo fi júwe ọ̀nà fún ẹ̀gbọ́n mi. Òtẹ́ẹ̀lì kan létí títì ní Des Plaines, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, ni mo ti ń tún yàrá ṣe, ibẹ̀ náà ni mo ń gbé. Láyé ìgbà tí òṣùpá ń pa àwọn ará Amẹ́ríkà bí ọtí ni wọ́n ti gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì pupa náà sórí òpó gíga níwájú òtẹ́ẹ̀lì, kó máa ṣe àmì fún àwọn oníbàárà. Àwa Yorùbá kì í sábà fi nọ́ńbà júwe ilé; nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń múra àtiwá kí mi láti ilé, mo kọ ọ́ sí lẹ́tà pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà máa wo òkè. Ibi tí ẹ bá ti rí rọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti sọ̀kalẹ̀."

Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì wa sọ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti di ti àtijọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan la fi okùn fà á lulẹ̀. N kò rántí lẹ́tà mi rárá; mo tiẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Ó dàbọ̀ o, bá wa kí òṣùpá!"

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n dé. Takisí já a sílẹ̀ lójú títì. Ó ń fi sálúbàtà rìn nínú yìnyín, ó ń wo òkè, ó kọjá ẹnu ọ̀nà wa lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ọlọ́pàá fi máa mú un wá ní ìrọ̀lẹ́, kò mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lára mọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, rọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀hún dà?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà ọsibítù sọ pé òtútù ti pa ìka ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mẹ́ta, wọn ò lè yè mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n kò ní kí n dìde.