Lẹ́tà Tí Mo Kọ sí Ìyá Mi

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe mí níkà. Àgàn ni, ṣùgbọ́n n kò fi ìyẹn bú u. Ohun tí mo lè fi bú u pọ̀. Nígbà tí wọ́n já mi lẹ́nu ọmú, wọ́n gbé mi láti Ọ̀fà wá fún un ní Kàdúná, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe gáàdì ọkọ̀ ojú irin. Àdéhùn wà níwájú ẹbí: ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni n ó ti dàgbà, ìyá mi yóò sì máa wá wò mí lọ́dọọdún. Ìyá mi wá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, obìnrin yìí ní kó má wá mọ́ títí n ó fi gbọ́n. Kí n tó gbọ́n, mo ti gbàgbé ojú ìyá mi. Ẹni tó gbà mí ni mo ń pè ní Màmá.

Màmá kò mọ̀wé. Ọkọ rẹ̀ mọ̀wé, ṣùgbọ́n orí irin ló ń gbé, bó bá sì wálé, ẹ̀rù ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kó wúkọ́. Nítorí náà, bí mo ṣe wọ kíláàsì kẹta ni mo di akọ̀wé ilé. Màmá yóò jókòó sí fàràńdà, yóò máa ṣa ẹ̀wà, yóò máa sọ̀rọ̀, èmi yóò máa kọ.

"Kọ ọ́ sí ìyá Ọ̀fà yẹn pé ọmọ náà ń gbádùn. Kọ ọ́ pé ọmọ fúnra rẹ̀ ló ní kó má wá mọ́."

"Ọmọ wo ni, Màmá?"

"Ta ló bi ọ́? Kọ ọ́ jàre, alátojúbọ̀!"

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Mo ń fi ìkọ̀wé mi yangàn. N kò mọ̀ pé èmi ni ọmọ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí ogun Hítílà ń lọ lọ́wọ́, Màmá lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, níbi tó ti máa ń gbàdúrà ju gbogbo wọn lọ. Obìnrin kan gbé ẹrù kékeré wọlé. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bu omi fún un. Kò mu ún. Ojú mi ló ń wò. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó kó àwọn lẹ́tà mi jáde.

"Ta ló ń kọ ìwọ̀nyí, ọmọ mi?"

"Èmi ni, mà!" N kò tíì rí ẹni tó tọ́jú iṣẹ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ fúnra rẹ? Ìwọ lo kọ ọ́ pé ọmọ náà ní kí n má wá mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. N kò ṣi ọ̀kan kọ."

Ó kó wọn lé mi lọ́wọ́, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀nà tésàn ọkọ̀ ojú irin lọ. Ó lè bi mí ní ìbéèrè kan sí i. Kò bi mí. N kò tíì dárí ìyẹn jì í.

Nígbà tí Màmá dé, mo ròyìn àlejò fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ọdún kan lẹ́yìn náà ló tó sọ fún mi, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán: "Ìyá rẹ tó wá lọ́jọ́sí yẹn, ó ti kú o."

Màmá gbó, ó di opó, ojú rẹ̀ fọ́. Ta ló gbé e sílé tó ń bọ́ ọ? Èmi tí mo ti di tíṣà, ní Banawa, ní Kàdúná kan náà. Lọ́jọ́ kan mo kó àwọn lẹ́tà náà jáde, mo kà wọ́n sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì bi í bóyá kò ní ohun tó fẹ́ sọ fún mi. Ó jẹ búrẹ́dì tí mo rẹ sínú tíì fún un tán, ó nu ẹnu.

"Èmi ò mọ̀wé, ọmọ mi. Ìwọ lo kọ ọ́."