Bàtà Iléyá Nínú Igbó

Lánàá, ní kẹ́mísì kan ní Yábàá, obìnrin kan ń fi ìpara tó ń lé ẹ̀fọn ra ọmọ rẹ̀ lára. Bí òórùn rẹ̀ ṣe kàn mí nímú, mo rántí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

Irú ìpara yẹn ni wọ́n fi ra wá lára ní ọ̀sán ọjọ́ tí àwọn àǹtí kan láti ẹgbẹ́ aláàánú fi bọ́ọ̀sì kó àwa ọmọ àdúgbò wa ní Muṣin lọ sí igbó. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ọmọ ìgboro pàápàá fojú kan igi. Màámi wọ bàtà Iléyá mi fún mi, pupa tó ń dán.

"Má jẹ́ kí wọ́n rò pé o ò lẹ́ni o," ni wọ́n wí.

Igbó yẹn tutù, ewé tó rẹ sínú omi ń rùn níbẹ̀. Mo rí ọ̀bọ lórí igi, mo ń rẹ́rìn-ín. Ni àǹtí tó mú kámẹ́rà bá lóṣòó síwájú mi.

"Jọ̀ọ́, bọ́ bàtà yẹn. Má rẹ́rìn-ín."

"Àǹtí, ẹ̀gún wà nílẹ̀."

"Fọ́tò kan péré ni."

Mo bọ́ ọ. Ẹ̀gún gún mi lẹ́sẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Àǹtí ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, dúró." Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé bàtà yẹn ni kò jẹ́ kí òṣì mi hàn tó nínú fọ́tò tí wọ́n fẹ́ fi tọrọ owó.

Nígbà tí mo délé, Màámi yẹ bàtà náà wò, inú wọn dùn pé kò dọ̀tí.

"Ọmọ mi mọ nǹkan án tọ́jú!"

Mo fi ẹsẹ̀ tó wú pamọ́ sábẹ́ àga, mo sọ fún wọn pé igbó náà dùn gan-an.