Yàrá Kan, Ọba Méje

Títí di òní, bí ẹ bá dárúkọ Bùràímọ̀ Afọ̀nàhàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ọjọ́ tó ṣe alárenà fún àwọn òkú ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín.

Òkè kan wà lẹ́yìn ìlú náà, lọ́nà Ẹ̀fọ̀n, tí wọ́n ń pè ní Òkè Ahoro. Ìlú ńlá ló wà níbẹ̀ rí kí ogun tó tú u ká. Ohun tó ṣẹ́kù kò ju ògiri tí òjò ti jẹ títí dé orúnkún, àpáàdì tí wọ́n fi tẹ́ àgbàlá, àti yàrá kan ṣoṣo tí àpáta ńlá ṣíji bò, tí òjò kò fi rí i nà. Àgbẹ̀ ni Bùràímọ̀, ṣùgbọ́n ebè iṣu rẹ̀ kì í rí i lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ yẹn ni bọ́lẹ̀kájà máa ń kó àlejò wá láti Aramọkọ, Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n. Láàárọ̀ yóò mú wọn gun òkè, lọ́sàn-án yóò mú wọn sọ̀ kalẹ̀ sí etí odò, nírọ̀lẹ́ wọn yóò wọkọ̀ padà. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wọn kò ju obì àti ìkíni lọ. Ká sòótọ́, bí wọ́n bá kí i dáadáa, ó lè dá obì wọn padà.

Ọgbọ́n kan wà tó ń dá. Bí wọ́n bá ti wọ yàrá abẹ́ àpáta yẹn, kò ní sọ̀rọ̀ rárá títí yóò fi bèèrè pé, "Ọmọ ibo ni yín?" Bí wọ́n bá ní ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni àwọn, a jẹ́ pé ọba Ẹ̀fọ̀n kan ló sá ogun wá sùn síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní Ìjerò, ibẹ̀ náà ni ọmọbìnrin ọba Ìjerò kan ti kọ́kọ́ dáná oúnjẹ. Bíntù, ìyàwó rẹ̀, ló máa ń ru omi tẹ̀ lé wọn gun òkè. Òun ló mọ̀ pé ọba méje ni ọkọ òun ti tẹ́ sùn nínú yàrá tí kò gba ẹní méjì.

Bó ṣe di Àbámẹ́ta kan nìyẹn, tí àwọn èèyàn Aramọkọ wà nínú yàrá náà, tí wọ́n jókòó ti iyán wọn, tí wọ́n ń dárò ọmọkùnrin ọba Aramọkọ tí Bùràímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Wọn ò tíì jẹun tán tí àwọn ará Ìjerò fi dé. Wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé yàrá ọmọ ọba àwọn ni, wọ́n wá kí ìyá àwọn. Ni ìjà bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ní kí àwọn wọ̀nyẹn dìde nínú yàrá ìyá àwọn, àwọn wọ̀nyẹn ní yàrá bàbá àwọn ni. Nígbà tó yá, gbogbo wọn yíjú sí Bùràímọ̀.

Bíntù ti ń wo ojú ọ̀nà tí àwọn méjèèjì yóò gbà sá. Bùràímọ̀ kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí. "Ṣé tọkọtaya kì í gbé yàrá kan náà ni?"

Ni àgbà kan láti Ìjerò wú ikọ́, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn ará Aramọkọ ló gbé ọmọ àwọn níyàwó, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ láì kí àna. Tísà kan láti Aramọkọ tó ń jẹ́ Samuel ló gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ: ó bọ́ fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Wọ́n gbé iyán fún àna, wọ́n gbé ẹran ìgbẹ́ tẹ̀ lé e. Títí wọ́n fi wọkọ̀, àna mi, àna mi, ni wọ́n ń pe ara wọn. Bíntù ní òun kò tíì rí ìgbéyàwó tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, ọkọ àti ìyàwó nìkan ni kò wá.

Ẹ má rò pé orí òkè nìkan ni Bùràímọ̀ ti ń ṣe é o. Odò tó wà nísàlẹ̀ òkè náà ní yanrìn funfun létí, ló bá sọ ọ́ ní Òkun Kékeré. Ó ní òkun tó wà l'Ékòó ló bí i. Títílayọ̀ aránṣọ, tó ti gbé Èkó lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, bu omi náà tọ́ wò, ó tu ú nù. Ó ní, "Bàbá Afọ̀nàhàn, òkun wo ni kò níyọ̀ yìí?"

"Ọmọ kékeré kì í jẹ iyọ̀ púpọ̀," Bùràímọ̀ dá a lóhùn.

Ó dáhùn ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ní Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó ti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn àlejò ọjọ́ náà tọ́ omi tó dágún sí ẹ̀gbẹ́ àpáta wò, wọ́n pariwo pé òkun ni lóòótọ́. Ìgbà tí Bíntù fẹ́ se ọbẹ̀ ló rí i pé àwo iyọ̀ òun ti gbófo. Kò bá a jà. Ó gbé ọbẹ̀ títẹ́ náà síwájú rẹ̀, ó ní bí kò bá dùn tó, kó máa gbé òkèlè rẹ̀ lọ ki bọ òkun.

Nígbà ọyẹ́ kan, ìkùukùu bo òkè, Bùràímọ̀ sì ṣìnà pẹ̀lú àwọn èèyàn Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n yípo ìrókò kan lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Rebecca ní àwọn ti kọjá níbí. Bùràímọ̀ ní rárá, pé ìrókò a máa bí ìbejì. Rebecca ò bá a jiyàn, ó tú gèlè rẹ̀, ó so ó mọ́ igi náà. Wọ́n tún rìn títí, wọ́n tún bá ìrókò pàdé, gèlè wà lára rẹ̀. Bùràímọ̀ wò ó, ó tún un wò. Ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan. Ẹlòmíràn tó ní irú gèlè yín ti gba ibí kọjá."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń fi í rẹ́rìn-ín kiri, òun náà sì ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, títí di ọdún 1965, tí ẹ̀rín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba òkè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdílé tó ni ilẹ̀ Òkè Ahoro ní ọmọ kan tó ń jẹ́ Ìbíkúnlé, òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ gidi. Ó fẹ́ ro gbogbo òkè náà gbin kòkó. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ọmọ púpọ̀ ló bí, kòkó ló sì ń rán ọmọ nílé ìwé. Àwọn àgbà ìdílé ní àwọn yóò pe ẹnìkan láti káńsù wá wo ibẹ̀. Bí ẹni náà bá ní nǹkan wà níbẹ̀ tó yẹ ní fífi sílẹ̀, àwọn yóò fi í sílẹ̀. Bí kò bá sí, kí Ìbíkúnlé mú àdá rẹ̀.

Ìbíkúnlé kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní kí wọ́n bi Bùràímọ̀ léèrè ẹni tó gbé yàrá abẹ́ àpáta, pé bàbá ẹni tó bá bèèrè náà ni yóò dárúkọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Bùràímọ̀ gbọ́ tí kò fi lè jẹun. Ó ti wá yé e pé bó bá sọ òótọ́ pàápàá, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Nígbà tó ku ọ̀la tí ará káńsù yóò dé, Bíntù jókòó tì í.

"Bàbá Amudalat," ló pè é, "irọ́ yín ń dùn mọ́ mi, mi ò sì jẹ́ tan yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa ẹyọ kan péré lọ́la, kòkó la ó máa gun òkè lọ wò."

Ó ní òun gbọ́. Ó ní òun kò ní pa rárá. Ó tilẹ̀ fi Ọlọ́run búra, ohun tí kì í ṣe.

Adékúnlé ni orúkọ ẹni tí káńsù rán wá, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó mú ìwé àti gègé lọ́wọ́. Àwọn àgbà ìdílé méjì bá a wá, Ìbíkúnlé náà sì wà níbẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ dé òkè, Bùràímọ̀ kò sọ ju "ẹ rọra, òkúta wà níbẹ̀" lọ. Bí wọ́n bá ti dé ibi tó ti máa ń pa ìtàn, ètè rẹ̀ á máa gbọ̀n bíi ti ẹni tó fẹ́ sín. Àánú rẹ̀ ṣe Bíntù. Ó dà bí ẹni tó ń wo ẹni tí ebi ń pa níwájú iyán.

Wọ́n wọ yàrá abẹ́ àpáta. Adékúnlé wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Bàbá, ta ló ni yàrá yìí?"

Bíntù rí i tí ojú ọkọ rẹ̀ lọ sí ilà tó wà lójú ọkùnrin náà, tó ń kà á. Ó rí i tó la ẹnu.

"Ọmọ ibo—"

Bíntù wú ikọ́.

Bùràímọ̀ pa ẹnu dé. Nígbà tó sì tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò dún ju ti ọmọdé lọ. "Mi ò mọ̀," ló wí.

Ìbíkúnlé pàtẹ́wọ́, ó ní kí gbogbo ayé wá gbọ́, Afọ̀nàhàn kò mọ̀. Àwọn àgbà wo ilẹ̀. Adékúnlé rọra pa ìwé rẹ̀ dé, ó bi í bóyá kò sí nǹkan kan rárá tó mọ̀ nípa ibẹ̀.

Bùràímọ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan, níbi tí àpáta ti bo ògiri jù. Ó fi ọwọ́ gbá eruku kúrò. "Eléyìí nìkan ni mo mọ̀," ló wí. "Ẹnìkan ló fi ọwọ́ rẹ́ ògiri yìí, ìka rẹ̀ ló wà níbẹ̀ yìí. Obìnrin ni, ìka náà kéré. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Níbí yìí ló ti dúró, bóyá ọmọ ló ń sunkún, nítorí nígbà tó padà, amọ̀ ti gbẹ, kò rí i fà dáadáa mọ́. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mi ò mọ ọmọ ibo ni. Ulé rẹ̀ rèé."

Bíntù tó ti gun òkè náà láti ọdún mọ́dún kò gbọ́ èyí rí. Adékúnlé bẹ̀rẹ̀, ó na ìka rẹ̀ sí ojú ìka ara ògiri náà, ó fà á sẹ́yìn bí ẹni tó wọ yàrá onílé láì kàgò. Ìbíkúnlé náà kúnlẹ̀. Ìka tirẹ̀ tóbi jù, kò wọ̀ ọ́. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ kó tó dìde.

"Ìyá mi ló rẹ́ ulé wa," ló wí. "Òun náà, ọwọ́ òsì ni." Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. Ó ní ilẹ̀ ṣì pọ̀ ní òdìkejì odò, kòkó kò ní ṣàì hù níbẹ̀. Adékúnlé ṣí ìwé rẹ̀, ó sì kọ̀wé fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, Bíntù bi ọkọ rẹ̀ léèrè ìdí tí kò fi fi ìka yẹn han ẹnikẹ́ni rí. Ó ní ojú ló ń ti òun. Ó ní ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ gun òkè láti àárọ̀, ọba ló ń wá, òun ò lè wá fi amọ̀ obìnrin kan hàn án. Nígbà tí wọ́n dé etí odò, Adékúnlé bi í pé kí ni orúkọ odò náà. Bùràímọ̀ wo Bíntù. Bíntù ní iṣẹ́ ti parí. Ni ojú rẹ̀ bá tàn, ó ní, "Ọmọ ibo tilẹ̀ ni yín?"

Ó tún lo ọdún mẹ́ta sí i lórí òkè náà. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré ló mú un lọ, ní ọdún 1968. Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀, àfáà fẹ́ ṣe wáàsí lórí àwọn tó ń fi ọ̀nà han ẹlòmíràn, ó rántí ìrókò àti gèlè, ẹ̀rín sì gbé e débi tó fi di láwàní rẹ̀ mú. Àwọn tó wá ṣàdúà náà bú sẹ́rìn-ín. Bíntù rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì gbé àwọn àwo wọlé fúnra rẹ̀, kí wọ́n má bàa wo ojú rẹ̀.

Ní Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, bọ́lẹ̀kájà kan dé láti Ẹ̀fọ̀n. Wọn ò gbọ́ pé ó ti kú. Bíntù ò ní ọkàn láti dá wọn padà, ó sán gèlè rẹ̀ mọ́dìí, ó mú wọn gun òkè. Nínú yàrá abẹ́ àpáta, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Beatrice yí ojú káàkiri, ó ní, "Ìyá, ta ló gbé ibí?"

"Ọkọ mi ni," Bíntù dáhùn.

Wọ́n wo ara wọn. Beatrice rọra bèèrè bóyá kì í ṣe pé ogun ti tú ibẹ̀ kí wọ́n tó bí ọkọ rẹ̀.

"Òótọ́ ni," ni Bíntù wí. "Ulé mi ló ń sùn. Ibí ló ń gbé."

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn àlejò sì bá a rín in, títí ẹ̀rín náà fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lábẹ́ àpáta, tí wọ́n jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tí ẹnìkan kò sì kánjú àtidìde.