Wọ́n Béèrè Ẹgbẹ́ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Ń Kú Lọ

Ìyá Bíréèkì ti kú. Ọ̀sán Ọjọ́rú ló kú, lórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí fèrèsé, nínú ilé tó sún mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa débi pé bí agogo bá dún, ife orí tábìlì rẹ̀ á máa gbọ̀n. Kò rí fadá. Kò gba òróró àwọn aláìsàn, kò gba Ara Olúwa. Obìnrin tó ń fa ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ padà sínú ìjọ, ìjọ ò nawọ́ sí òun nígbà tó ń lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà ò bá ká ẹlòmíràn lára, ó ká èmi lára, nítorí ọmọ bíbí inú mi wà lára àwọn tó fà lọ́wọ́.

Iṣẹ́ kíkọ́ni ní mọ́tò wíwà ló ń ṣe. Mọ́tò rẹ̀ ní bíréèkì méjì, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Láti òpin àdúgbò lẹ ó ti máa gbóhùn rẹ̀: "Bíréèkì! Bíréèkì, ọkọ mi! Àbí o ti ránṣẹ́ sọ́run pé à ń bọ̀ ni?" Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti mọ́ ọn lára. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti jáde ilé ìwé, tí wọ́n ń wáṣẹ́, tí wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa fẹ́, àwọn ló ń kọ́. Ẹni tójú rẹ̀ bá sì wà lójú títì, ẹnu rẹ̀ á tú. Ohun tí wọn ò lè sọ nílé, inú mọ́tò yẹn ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí pálọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Tíì, búrẹ́dì, Ìhìnrere tí a ó kà lọ́jọ́ Àìkú, àríyànjiyàn, ẹ̀rín. Kò lé ẹnikẹ́ni rí.

Ọmọbìnrin mi, tó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan, ti pa Máàsì tì kó tó mọ Ìyá Bíréèkì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo jágbe mọ́ ọn, mo gbààwẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó wò mí lójú, ó ní, "Màmá, mo ti dàgbà kọjá ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé. N ò sì tíì lọ́kọ tí mo máa fi wọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Níbo gan-an ni kí n jókòó sí?" Pálọ̀ Ìyá Bíréèkì ló dá a lóhùn. Kò pẹ́ tí ọmọ mi fi padà sí Máàsì, tó ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú pé mò ń fi nǹkan falẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pọ̀ ju pálọ̀ lọ, Ìyá Bíréèkì lọ tọrọ gbọ̀ngán páríìṣì. Alága ìgbìmọ̀ ní, "Ẹgbẹ́ wo ni ká pè yín?" Ó ní, "Ẹ pè wá ní àwọn ọmọ yín." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ti gbọ̀ngán pa. Àwọn àga tuntun wà nínú rẹ̀, nínú ọ̀rá tó bá wọn dé. Àga ni a fẹ́ kó má gbó. Ọmọ tó yẹ kó jókòó lórí rẹ̀ ńkọ́?

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé. Ní páríìṣì wa, ẹnu alága ẹgbẹ́ ni fadá ti ń gbọ́ pé ẹnì kan ń ṣàìsàn. Ìyá Bíréèkì sì ti kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, torí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì làwọn náà ń pàdé. Ọmọ mi àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe bá gba ọ́fíìsì páríìṣì lọ.

"Ẹ káàsán sà. Ìyá kan ló wà nínú àìsàn, a fẹ́ kí fadá wá fòróró yàn wọ́n."

Akọ̀wé ní, "Ẹgbẹ́ wo ni wọ́n wà?"

"Wọn ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, sà."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Àwa náà ò ní."

"Ẹgbẹ́ tí ò lórúkọ! Ṣé kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn lẹ̀ ń ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀. "Ẹ lọ mú alága yín wá."

Onífíríìjì ní, "Alága wa ló ń kú lọ yẹn, sà."

"Ẹ padà wá lọ́la."

Mọ́tò fadá wà nínú ọgbà. Ta ló kọ́ fadá ní wíwà mọ́tò ọ̀hún nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa? Ẹ bi í.

Lọ́la yẹn ni Ọjọ́rú. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ ní wọn ò mọ àdúrà yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n ń ka Rósárì. Ìyá Bíréèkì la ojú, ó ní, "Ṣé fadá ń bọ̀?" Ọmọ mi dá a lóhùn pé, "Wọ́n ti wà lọ́nà, mà." Irọ́ ni. Irọ́ yẹn ló jókòó sí ọmọ mi láyà títí di òní. Ta ló fi í sẹ́nu rẹ̀?

Ẹ wá wo ọjọ́ ìsìnkú. Gbọ̀ngán ṣí! Wọ́n bọ́ ọ̀rá kúrò lára àga fún àwọn àlejò. Alága ìgbìmọ̀ dìde, ó pe olóògbé ní òpó ìjọ, ó sì ti ibẹ̀ kọjá sórí ọ̀rọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ń sá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbìmọ̀ máa wádìí ohun tó ń lé wọn. Àwọn ọ̀dọ́ náà dúró lóòró lẹ́yìn, ojú wọn pọ́n. Ṣé ẹni tó ń lé adìẹ ló tún máa wádìí ìdí tí adìẹ fi ń sá?

Ọmọ mi ò tíì dé Máàsì láti ìgbà náà. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò bínú. Ó kàn ní, "Màmá, ẹ máa lọ. Ẹ̀yin lẹ ní ẹgbẹ́."

Fadá, mi ò fẹ́ ìgbìmọ̀ ìwádìí. Ẹ dìde lákòókò ìkéde, kí ẹ sọ fún wa ẹni tó ṣòfin pé aláìsàn tí ò ní ẹgbẹ́ ò ní àlùfáà. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ sọ ọ́. Bó bá ṣe pé ẹ ò mọ̀, ẹ sọ ìdí tí ẹ ò fi mọ̀. Kí ẹ̀yin, alága àti akọ̀wé sì lọ bẹ àwọn ọmọ yẹn níbi tí wọ́n wà, kì í ṣe kí ẹ ránṣẹ́ pè wọ́n. Ní tèmi, mo ti fi ẹgbẹ́ àwọn ìyá sílẹ̀. Èmi náà ò ní alága mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá mi jà, gbogbo yín lẹ mọ̀. Bí mo bá ṣubú lọ́la tí ọmọ mi sì wá kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, kí lẹ máa bi í?