Bọ́ọ̀lù Tí Fáwùmí Kò Lọ Mú

Ẹ má bi mí ìdí tí Fáwùmí Ògúntóyìnbó kò fi lè gbé inú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ju ọdún méjì lọ. Mo ti bi í títí, ó ti sú mi. Èmi Àsmá'ù tí mo ń ṣọ́ òpó ni golì rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, láti Abẹ́òkúta dé Ìjẹ̀bú-Òde, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Àkúrẹ́, a tún padà, a tún lọ. Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ gbà á, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, "Èmi pẹ̀lú golì mi ni o." Bẹ́ẹ̀ ni èmi, ọmọ oníṣòwò aṣọ ní Ìtòkú, tí màmá mi ti ya igun kan sọ́tọ̀ fún nínú ìsọ̀, ṣe di alápò kiri.

Atamátàsé ni Fáwùmí, ó sì ní bó ṣe dà bẹ́ẹ̀. Ní Wásinmi tí wọ́n bí i sí, àwọn ọmọkùnrin ti gba pápá tó dára. Èyí tó kángun sí igbó orò ni wọ́n fi sílẹ̀ fáwọn ọmọbìnrin, màrìwò ń fì lẹ́nu igbó náà lẹ́yìn òpó gan-an. Obìnrin kì í débẹ̀. Bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ tó ń bọ Ògún, kò ní kó má gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tí bàbá sọ ò ju pé, "Bó bá wọbẹ̀, ẹ jókòó dè é." Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Bí Fáwùmí bá ti gbá a kọjá òpó, eré parí nìyẹn, àfi bí ọkùnrin kan bá ti oko dé, kó bá wọn wọlé lọ mú un. Nígbà mìíràn ó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ wá wo ẹni tí ìdí rẹ̀ kò gba ìjókòó! Kó má baà máa jókòó, ó kọ́ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó gba ẹsẹ̀ òpó wọlé. Nígbà tó fi máa wọ Abẹ́òkúta lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kò tún mọ bí a ṣe ń ta á sókè mọ́. Góòlù mọ́kànlélógún ló jẹ ní sáà àkọ́kọ́.

Ẹ̀wù òkìríkà kan tó rà ní Kútọ̀ ló tún wá dá kún ara tí kò balẹ̀. RUFINO ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ó bi gbogbo ayé léèrè ta ni Rufino, títí ẹnì kan fi bá a wá a lórí fóònù nílé tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Adìgbẹ. Rufino Saldívar, ará Paragúè lókè òkun: ó bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní ìlú kékeré kan létí odò, ó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ mẹ́tàlá ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, ó jẹ góòlù ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá, kò sì gbé ibì kankan pẹ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ pè é ní alárìnkiri. Ó dá wọn lóhùn pé inú àwọ̀n ni ilé òun.

Fáwùmí lu ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹni mi rèé!"

Láti ọjọ́ náà, kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé ju kó gbá bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Rufino. Ó kọ́ èdè wọn lórí fóònù, ó fi ń kí wa láàárọ̀ títí a fi ń sá fún un. Nígbà tí Rufino fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, Fáwùmí kò jẹun lọ́jọ́ náà. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Inú mi kò dùn sí i nísinsìnyí.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Paragúè fúnra rẹ̀ wá bá a. Adétáyọ̀, kóòṣì wa, fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́, ẹgbẹ́ obìnrin kan níbẹ̀ sì rán òyìnbó kan wá yan atamátàsé kan ṣoṣo. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n dán wò, ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Adìgbẹ, èmi sì ni mo wà lójú ilé. Òfin òyìnbó náà kò le: bí bọ́ọ̀lù rẹ bá jáde, sáré lọ mú un wá. Aago wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Márùn-ún àkọ́kọ́ tí Fáwùmí gbá, mi ò rí wọn kí wọ́n tó wọlé. Ìka mi kan ẹ̀kẹfà, ó fò kọjá òpó, ó yí wọ igbó lẹ́yìn. Fáwùmí sáré tẹ̀ lé e. Lójijì ó dúró gbagidi. Igi méjì ló wà níwájú igbó náà, wọ́n so màrìwò mọ́ wọn.

Mo mọ màrìwò náà. Àdúgbò yẹn ni mo ń gbé nígbà náà. Kì í ṣe ojúbọ, kì í ṣe igbó orò. Onílẹ̀ ló so ó síbẹ̀ kí àwọn èèyàn má baà máa da pàǹtí sórí ilẹ̀ rẹ̀.

Fáwùmí wo ojú mi. Òyìnbó ń pariwo. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju "Onílẹ̀ ló so ó!" lọ. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bó bá lọ, golì ta ni màá jẹ́? Ẹ̀rù bà mí. Mo tẹrí ba, mo ń tún okùn ìbọ̀wọ́ mi dè, okùn tí kò tú. Ẹyẹ ò sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Ẹyẹ burúkú ni mí lọ́jọ́ náà.

Òyìnbó náà ní òun kò fẹ́ ẹni tó ń dúró kí ẹlòmíràn bá a mú bọ́ọ̀lù. Ó mú ọmọ Ìjẹ̀bú kan lọ.

"Kóòṣì, ẹ má bínú," ni Fáwùmí wí. "Èèwọ̀ ni."

Lẹ́yìn ìyẹn, ara rẹ̀ kò tún gba ibì kankan. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ní ọdún mẹ́ta. Ní oṣù tó kọjá, ẹgbẹ́ kan ní Kútọnu pè é, òun pẹ̀lú golì rẹ̀. Ní gárèjì Kútọ̀, a jókòó nínú mọ́tò Èkó, a ń retí kí èrò kún. Ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ mọ́tò.

"Àsmá'ù," ni ó wí, "ká ní wọn ò ní ojúbọ lẹ́yìn pápá yẹn, Paragúè ni ǹ bá wà. Ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀. Ohun tí bàbá mi kọ́ mi ni mo ṣe."

Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá dákẹ́. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tó fi sọ ọ́ ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mì.

"Kì í ṣe ojúbọ," ni mo wí. "Onílẹ̀ ló so màrìwò síbẹ̀ nítorí àwọn tó ń da pàǹtí."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

Mo lè ní àná ni. "Kí òyìnbó yẹn tó dé," ni mo wí.

Kò wò mí. Ó na orí sí awakọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé àpò dúdú yẹn sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ni ín kò lọ mọ́."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń wo iwájú. Obìnrin kan tó pọn ọmọ wọlé, ó bi í bóyá ẹnì kan ló ni àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Kò sẹ́ni kankan," ni Fáwùmí dá a lóhùn. "Ẹ jókòó, mà."